Ọjọ́ ìdìbò yí padà ní alẹ́ Ọjọ́rú: bí ọ́fíìsì aṣòfin kan ní agbègbè Ogbomọ̀ṣọ́ ṣe ta àwọn ènìyàn rẹ̀ lólobó

Ní alẹ́ Ọjọ́rú, ọjọ́ 8 oṣù Kẹta 2023, àjọ INEC tó ń ṣètò ìdìbò kéde pé ìdìbò gómìnà àti ti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ kò ní wáyé ní Sátidé ọjọ́ 11 mọ́, ó di Sátidé ọjọ́ 18. Ẹ̀rọ BVAS, tó ń yẹ ìka tàbí ojú olùdìbò wò, ló fà á. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi dìbò ààrẹ ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì náà ni wọ́n fẹ́ tún lò, wọ́n sì ní láti kó àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ pamọ́ kí wọ́n tó tún un tò. Àwọn tó gbé èsì ìdìbò ààrẹ lọ sílé ẹjọ́ ti gba àṣẹ láti yẹ ẹ̀rọ náà wò. Ọjọ́rú yẹn gan-an ni ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fún INEC láyè láti tún wọn tò. Ẹ̀rọ náà lé ní 176,000 jákèjádò Nàìjíríà. Iṣẹ́ yẹn kò lè parí kí Sátidé tó dé.

Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, àwọn ọ́fíìsì aṣòfin ti fi ọjọ́ 11 sétí gbogbo ayé. Àkọsílẹ̀ yìí dá lé ọ̀kan nínú wọn, ẹkùn ìdìbò kan ní agbègbè Ogbomọ̀ṣọ́ tó ní wọ́ọ̀dù mẹ́wàá, tó ní ìgboro nínú, tó sì ní abúlé àti aba tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dé. Orúkọ aṣòfin náà àti ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ kò sí níbí. Bí ìròyìn ṣe rìn ni ọ̀rọ̀ wa, àti ibi tó ti há.

Ohun tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀

Ọ́fíìsì náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bá ará ìlú sọ̀rọ̀ nígbà tí ìbò dé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, ìwé ojú kan ṣoṣo ló máa ń jáde lóṣooṣù, ní Yorùbá. Ó máa ń sọ ọjọ́ tí Ilé jókòó nínú oṣù náà, nítorí òfin orílẹ̀-èdè ní kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ máa jókòó fún ọjọ́ 181 ó kéré tán lọ́dún. Ó máa ń sọ àbá òfin tó wà níwájú Ilé, àti ìpele tí ó dé. Apá yìí ló ṣe pàtàkì jù, ibẹ̀ náà sì ni irọ́ ti wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ àwọn olóṣèlú. Kíkà àkọ́kọ́ kì í ṣe òfin. Kíkà kejì, tí wọ́n ti ń jiyàn lórí rẹ̀, kì í ṣe òfin. Lẹ́yìn ìgbìmọ̀ tó gbọ́ tẹnu ará ìlú àti kíkà kẹta, ó ṣì di ọwọ́ gómìnà, tó ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti fọwọ́ sí i tàbí kó kọ̀. Bó bá kọ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin lè tún fọwọ́ sí i kó di òfin láìsí ọwọ́ rẹ̀. Nínú Ilé Ọ̀yọ́ tó ní ọmọ ilé 32, ènìyàn 22 nìyẹn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ka ìwé náà ló ti mọ 22 yìí sórí, tí wọ́n sì máa ń bèèrè pé, "Ọnarébù, ìpele wo ló wà báyìí?" Inú mi máa ń dùn sí ìbéèrè yẹn.

Bákan náà ni wọ́n ń gba ìpè lórí rédíò lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ìbéèrè tí kì í tán níbẹ̀ ni ti títì Ọ̀yọ́ sí Ogbomọ̀ṣọ́. Ìdáhùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe tààrà: títì ìjọba àpapọ̀ ni, abẹ́ àṣẹ ilé aṣòfin àpapọ̀ ló wà, aṣòfin ìpínlẹ̀ kò sì lè ṣòfin lé e lórí. Ohun tó lè ṣe ni kó gbé ọ̀rọ̀ náà dìde nínú Ilé kí wọ́n fi ìpinnu ránṣẹ́ sí Àbújá, kó sì kọ̀wé sí aṣojú-ṣòfin tó ń ṣojú agbègbè náà. Ìpinnu bẹ́ẹ̀ kò fipá mú ẹnikẹ́ni. Aṣòfin tó bá ṣèlérí ju èyí lọ lórí títì yẹn ń tan àwọn ènìyàn rẹ̀ jẹ. Nítorí pé wọ́n ti ń gbọ́ irú ìdáhùn yìí fún ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀, nígbà tí ìròyìn òjijì dé, ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà á gbọ́ láti ẹnu ọ́fíìsì náà.

Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹta, ohun tó wà níta lórí ọjọ́ 11 jẹ́ oríṣi mẹ́rin: ìwé ìkéde tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri ní ìtòsí àwọn ibùdó ìdìbò, ìkéde rédíò, àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù, àti ohùn Ọnarébù fúnra rẹ̀ lórí WhatsApp, èyí tó jáde ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 6. Ohùn yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀ jù.

Alẹ́ Ọjọ́rú

Àhesọ ti ń jà ràn-ìn kí INEC tó sọ̀rọ̀. Ọ́fíìsì náà kò fi nǹkan kan ránṣẹ́ títí wọ́n fi rí ìwé tí àjọ náà fọwọ́ sí lójú òpó àjọ náà gan-an, tí ẹni méjì sì ti kà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá kéde àyípadà tí kò rí bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta sí ìdìbò ti lé àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò lórí ìlà, bó tilẹ̀ tọrọ àforíjì lọ́la.

Bí wọ́n ṣe rí ìwé náà, ẹni tó ń bójú tó WhatsApp fẹ́ pa ohùn ọjọ́ Ajé rẹ́. Kò ṣe é ṣe. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì àti wákàtí méjìlá, WhatsApp kì í jẹ́ kí ènìyàn pa ohun tó ti fi ránṣẹ́ rẹ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn mọ́, àárọ̀ ọjọ́ Ajé sí alẹ́ Ọjọ́rú sì ti kọjá ìyẹn. Ká tilẹ̀ sọ pé ó ṣe é ṣe, inú gúrúùpù tí wọ́n fi sí nìkan ni ìbá ti kúrò. Àwọn tó ti gbà á tí wọ́n sì ti fi ránṣẹ́ síwájú, tiwọn ṣì wà níbẹ̀.

Ohun tó wà nínú ohùn náà ló sì burú. Ọnarébù sọ pé: "Sátidé yìí ni o, ẹ má gbàgbé, ẹ jáde wá dìbò." Kò dárúkọ ọjọ́, kò dárúkọ oṣù. Ohùn WhatsApp tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ síwájú kì í gbé ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ lọ́wọ́. Àkókò tí ó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó gbà á ni fóònù máa ń fi hàn. Bí ọmọ tó wà ní Èkó bá fi í ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, Sátidé yìí ni ìyá náà máa gbọ́. Sátidé ọjọ́ 11 nìyẹn.

Ohùn tuntun jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó kúrú, kò ju ìṣẹ́jú kan lọ, báyìí ni wọ́n sì ṣe tò ó:

"Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ kú ilé o. Alẹ́ Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹta ọdún 2023, ni mo ń bá yín sọ̀rọ̀. Ìdìbò gómìnà àti ti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kò sí ní Sátidé ọjọ́ kọkànlá mọ́. Àjọ INEC ti sún un sí Sátidé ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹta. Ohùn tí mo fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ lé e mọ́. Bí ẹ bá ti fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ẹ fi èyí náà ránṣẹ́ sí i. Káàdì yín kò yí padà, ibùdó yín kò yí padà. Ọjọ́ nìkan ló yí padà."

Ọjọ́ tó ń sọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ sọ, kó tó sọ ohun tó kú, lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tó rọ́pò rẹ̀. Ìkéde tó bá sọ ọjọ́ tuntun nìkan láìpa ti àtijọ́, ńṣe ni àwọn tó gbọ́ méjèèjì máa ń rò pé ìdìbò méjì ló wà. Èyí sì rọrùn láti rò lọ́dún yẹn, nítorí ìdìbò ti wáyé lóòótọ́ ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì. Àwọn kan tilẹ̀ ní àwọn ti dìbò tán. Ó di dandan láti máa ṣàlàyé pé ti àkọ́kọ́ jẹ́ ti ààrẹ, sẹ́nétọ̀ àti aṣojú-ṣòfin, ìwé ìdìbò mẹ́ta. Ti ẹ̀ẹ̀kejì jẹ́ ti gómìnà àti aṣòfin ìpínlẹ̀, ìwé ìdìbò méjì.

Ibi tí WhatsApp àti àtẹ̀jíṣẹ́ ti kùnà

Ọ́fíìsì náà ní àwọn àkójọ nọ́ńbà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà lórí WhatsApp, nọ́ńbà 256 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gba nǹkan kan. Ẹni tí kò bá tọ́jú nọ́ńbà ọ́fíìsì sínú fóònù rẹ̀ kì í rí ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ lọ́nà yẹn. Nígbà tí wọ́n ń gba nọ́ńbà ará ìlú, nọ́ńbà tiwọn ni wọn kò fún wọn. Gúrúùpù kò ní ìṣòro yìí, ṣùgbọ́n ariwo inú gúrúùpù máa ń bo ìkéde mọ́lẹ̀ kó tó tó wákàtí kan.

Àtẹ̀jíṣẹ́ tilẹ̀ tún le jù. Ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́ fi àmì ohùn àti àmì abẹ́ sí i dáadáa, bí ó ṣe yẹ kí a kọ Yorùbá. Ṣùgbọ́n bí ẹ, ọ tàbí ṣ kan ṣoṣo bá ti wọ inú àtẹ̀jíṣẹ́, ojú ìwé kan tó ń gba lẹ́tà 160 tẹ́lẹ̀ á wá máa gba 70 péré. Ọ̀rọ̀ tí ìbá jẹ́ ojú ìwé kan di mẹ́ta, owó rẹ̀ náà di ìlọ́po mẹ́ta. Lórí nọ́ńbà ẹgbẹẹgbẹ̀rún, owó kékeré kọ́ nìyẹn. Wọ́n yọ àmì kúrò, wọ́n sì kọ ọ́ báyìí:

IDIBO GOMINA ATI ILE ASOFIN IPINLE KO NI WAYE NI 11 MARCH MO. O DI SATIDE 18 MARCH 2023. AGO 8:30 AARO SI 2:30 OSAN. E MU KAADI IDIBO YIN DANI.

Kò pé 160. Mo fẹ́ràn àmì lórí Yorùbá, ṣùgbọ́n níbi tí ojú ìwé kan bá ti ń ya owó, tí ọ̀rọ̀ náà kò sì lè ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà, ẹ yọ ọ́. Síbẹ̀, àwọn tó ti fi 2442 dí ọ̀nà ìpolówó lórí fóònù wọn kò rí i gbà, nítorí ojú ọ̀nà ìpolówó ni irú àtẹ̀jíṣẹ́ púpọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń gbà. Àwọn yẹn ní láti gbọ́ ọ lẹ́nu ènìyàn.

Akéde, alùpùpù àti owó tí kò sí

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 9, iṣẹ́ kúrò lórí fóònù, ó di ti ẹsẹ̀. Abúlé ni wọ́n kọ́kọ́ dojú kọ, wọ́n fi ìgboro sẹ́yìn, nítorí ìgboro ní rédíò, ó sì ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ọlọ́kadà méjì ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan wa alùpùpù, èkejì di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú. Ọmọ wọ́ọ̀dù yẹn ni àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́. Bí àjèjì bá gbé ẹ̀rọ wọ abúlé tó ń kígbe pé ìdìbò ti sún síwájú, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ rò ni pé ẹgbẹ́ alátakò ló rán an kí wọ́n má bàa jáde. Ìdí nìyí tí ọlọ́kadà fi ń kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ Baálẹ̀, tó ń dọ̀bálẹ̀, tó sì ń ka ìwé INEC fún un. Akéde Baálẹ̀ ló máa wá lu agogo. Ní ìgbà yẹn, kò tíì sí Ṣọ̀ún tuntun lórí ìtẹ́, ọwọ́ àwọn Baálẹ̀ àti àwọn olórí àdúgbò ni iṣẹ́ náà wà.

Owó ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá gbogbo rẹ̀ dúró. Ọ̀sẹ̀ tí owó tuntun ṣọ̀wọ́n nìyẹn. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta pé kí 200, 500 àti 1,000 náírà àtijọ́ ṣì máa jẹ́ ná títí di òpin ọdún, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́jà kò tíì gbà á, wọ́n ń retí ohun tí báńkì àpapọ̀ máa sọ. Ọlọ́kadà kò lè gba owó tí ẹnikẹ́ni kò ní gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Tiránsífà náà sì ń ṣe ségesège. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n san owó epo tààrà fún ilé epo kan láti àkáǹtì ọ́fíìsì, ọlọ́kadà kọ̀ọ̀kan dé ibẹ̀, ó fọwọ́ síwèé, wọ́n sì rọ epo fún un. Owó iṣẹ́ wọn dé lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀.

Wọ́n tún tẹ ìwé pélébé. Wọ́n gé ojú ìwé A4 sí mẹ́rin, tó fi jẹ́ pé páálí ìwé kan tó ní ojú 500 di 2,000. Dúdú lórí funfun, kò sí àwòrán Ọnarébù, kò sí àmì ẹgbẹ́. Ní ti àwọn ìwé ara ògiri, wọn kò ya wọ́n. Wọ́n tẹ ọ̀já ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọjọ́ tuntun wà lára rẹ̀, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí ọjọ́ àtijọ́. Ẹni tó bá ti ka ti tẹ́lẹ̀ máa padà rí i níbi tí ojú rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí àmì ẹgbẹ́ tí kò sí yẹn. Aṣòfin yìí ń díje. Ó sì wà nínú òfin ìdìbò 2022 pé ìpolongo gbọ́dọ̀ parí ní wákàtí 24 ṣáájú ọjọ́ ìdìbò, pé rédíò kò gbọ́dọ̀ gbé ohun tó ń polongo ẹnikẹ́ni láàárín àkókò yẹn, àti pé ohun ìpolongo kò gbọ́dọ̀ wà láàárín mítà 300 sí ibùdó ní ọjọ́ ìdìbò. Ìwé tó ní àmì ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀. Ìwé tí kò ní nǹkan kan ju ọjọ́, aago àti káàdì lọ lè dúró títí ìdìbò fi parí. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ bínú sí i lórí èyí. Wọ́n ní owó rẹ̀ ló fi tẹ̀ ẹ́, kí ló dé tí kò fi orúkọ ara rẹ̀ sí i? Ṣùgbọ́n ìwé tí kò lórúkọ yẹn ni àwọn tó wà lẹ́gbẹ́ mìíràn náà gbà lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n sì pín. Bí àmì bá wà lára rẹ̀, ìdajì abúlé kò ní fọwọ́ kàn án.

Ọjà àti ilé ìjọsìn ló bo ibi tó ṣẹ́ kù. Jímọ́ọ̀ ọjọ́ 10 ṣe pàtàkì jù, nítorí òun ló gbẹ̀yìn ṣáájú ọjọ́ àtijọ́. Wọ́n mú ìwé INEC fún àwọn Ìmáàmù láàárọ̀, wọn kò dúró dìgbà tí wáàsí bẹ̀rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́ ọ ní Sọ́ńdè ọjọ́ 12. Láti ọjọ́ 9 sí 17, ọjà ọrún kọ̀ọ̀kan ná lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán, àwọn Ìyálọ́jà sì ń kéde rẹ̀ kí títà tó gbóná.

Sátidé ọjọ́ 11

Pẹ̀lú gbogbo èyí, àwọn kan jáde. Ọ́fíìsì náà ti mọ̀ pé ó máa rí bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi ẹnì kan sí ìtòsí ibùdó ìdìbò kọ̀ọ̀kan tó wà ní abúlé láti aago méje sí mẹ́wàá àárọ̀. Àgbàlagbà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó wá, àti àwọn tó ti aba wá. Ọmọ tó wà lókèèrè ló fi ohùn ọjọ́ Ajé ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹni tó dúró níbẹ̀ kò sọ pé "ẹ máa lọ sílé" lásán. Ó bá wọn wo káàdì wọn, ó sì ka nọ́ńbà ibùdó ìdìbò tó wà lára rẹ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 30 tí í ṣe nọ́ńbà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí nọ́ńbà ìjọba ìbílẹ̀, wọ́ọ̀dù àti ibùdó tẹ̀ lé e.

Ohun tí a kò retí jáde níbẹ̀. Nígbà tí INEC fi kún ibùdó ìdìbò lọ́dún 2021, láti 119,974 sí 176,846, wọ́n gbé àwọn olùdìbò kan lọ sí ibùdó tuntun tó wà nítòsí. Àwọn kan nínú àwọn tó jáde ní ọjọ́ 11 ni wọ́n ti dá padà ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì pé orúkọ wọn kò sí, wọ́n sì ti gbà pé wọ́n ti yọ àwọn kúrò. Ibùdó tuntun wọn kò jìnnà rárá sí ti àtijọ́. Wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀, wọ́n wá ibùdó wọn lójú òpó INEC, wọ́n sì fi hàn wọ́n kí ọjọ́ 18 tó dé.

Àwọn tí kò ṣeé ràn lọ́wọ́ ni àwọn tó ti wọkọ̀ wá sílé láti Èkó àti Ìlọrin, tí wọ́n ní láti padà síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n bèèrè owó ọkọ̀ ìpadàbọ̀. Ọnarébù kò fún wọn. Owó tí olùdíje bá fún olùdìbò kó lè wá dìbò kò jìnnà sí àbẹ̀tẹ́lẹ̀ lójú òfin, bí ó ti wù kí àánú pọ̀ nínú rẹ̀ tó. Ó dùn wọ́n, ó sì yẹ kó dùn wọ́n. Ní ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH tí káàdì wọn wà ní Ogbomọ̀ṣọ́, tiwọn yàtọ̀: àjọ NUC tó ń bójú tó yunifásítì ti ní kí yunifásítì gbogbo wà ní títì láti ọjọ́ 22 oṣù Kejì sí ọjọ́ 14 oṣù Kẹta, nítorí náà àwọn tí wọn ìbá wà nílé ní ọjọ́ 11 lè ti padà dé kí ọjọ́ 18 tó pé. Ìkéde kan lọ sínú gúrúùpù wọn nìkan lórí èyí.

Ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn àti ohun tó yí padà

Láti ọjọ́ Ajé ọjọ́ 13, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń tún sọ lójoojúmọ́, wọn kò fi tuntun kún un. Káàdì kan náà ni. Ẹ kò ní forúkọ sílẹ̀ mọ́. BVAS máa yẹ ìka tàbí ojú yín wò. Ẹni tó bá ti wà lórí ìlà nígbà tí aago 2:30 lù máa dìbò. Ẹ dúró kí wọ́n ka ìbò, kí wọ́n kọ èsì sínú ìwé EC8A, kí wọ́n sì lẹ èsì náà mọ́ ibùdó kí ẹ tó kúrò. Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ 16, gbogbo ìpolongo dáwọ́ dúró. Ìwé tí kò lórúkọ nìkan ló kù níta.

Ìwé olóṣooṣù ti oṣù Kẹrin jáde bí ó ṣe máa ń jáde. Àbá òfin àti ìpele rẹ̀ ló wà lókè, ìdìbò wà nísàlẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ wà ní ìlà àkọ́kọ́ báyìí, nọ́ńbà ọ́fíìsì sì wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí: "Ẹ tọ́jú nọ́ńbà yìí sínú fóònù yín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìkéde wa kò ní dé ọ̀dọ̀ yín." Ẹ̀yìn ìwé náà ni àyè fún ẹni tí ibùdó rẹ̀ yí padà láìsí pé ó béèrè: kó kọ nọ́ńbà ara káàdì rẹ̀ àti orúkọ abúlé rẹ̀, kó fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ akéde Baálẹ̀. Nígbà náà, wọ́n ń to àwọn ìwé yẹn ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè kó wọn lọ sí ọ́fíìsì INEC ìjọba ìbílẹ̀ nígbà tí ìforúkọsílẹ̀ bá tún bẹ̀rẹ̀.